Ojú Kan Ṣoṣo Nílùú Mẹ́ta

Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Dàmọ́lá ọmọ mi,

O kú òtútù Hull ní Ìlú Ọba, o kú iṣẹ́ ẹja. Ara mi le. Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n, àfi pé ó ti fẹ̀ jù fún ẹnì kan.

Lẹ́tà ni mo kọ, tí mo sì fi íméèlì rán, torí n kò gba ti ọ̀rọ̀ Wásáàpù. Ohun tí a bá fẹnu sọ sínú fóònù, bó bá ti kọjá, ó kọjá. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, a lè fìka tọ́ka sí i lọ́la pé ohun tí o wí rèé.

Géèmù tí o ń ṣe ti dé. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kẹta ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, pé iléeṣẹ́ tó fẹ́ bá ọ tà á ti fún ọ ní gbèdéke, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, bó bá sì kọjá ọjọ́ náà, àdéhùn tú nìyẹn, ìdí ẹja dídì lo wà títí. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kàn ń sọ pé "ó dára, ó dára" ni. "Ó dára" kọ́ ni ọjà ń jẹ. N kò ta géèmù rí, ṣùgbọ́n mo kàwé òwò ní Políì, ó sì di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń jókòó ti bísínẹ̀sì sẹ́ńtà yìí. Mo mọ ojú oníbàárà tó fẹ́ dìde lọ.

Jẹ́ kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Odò Ọ̀tìn kò ṣàn mọ́, ìránṣẹ́ kan gbé kèrègbè, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti wá ẹni tó so odò mọ́lẹ̀. Ó yé mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé mi. Orin rẹ̀ dára, kò pariwo. Ìyábọ̀dé aránṣọ tó múlé tì mí wá béèrè ẹni tó ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tí kò bá kí àgbà, ọ̀nà kò ní ṣí fún un. Idà kò lè ṣí i, owó kò lè ṣí i. Mo bá onídìrí kan tó kọ̀yìn sí mi lábẹ́ igi, mo ní "Ojú gbooro o," ó ní "Òòyà á yà o," ó sì fọ̀nà hàn mí. Ibo lo ti kọ́ ìyẹn bí kò ṣe nílé yìí?

Ó kan èyí tí kò dùn. Láti orísun odò dé ẹnubodè Ìkìrun, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo fi rìn. Mo wo aago. Yàtọ̀ sí onídìrí yẹn, kò sí ilé, kò sí èèyàn, koríko ni ṣáá. Ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn kì í mú un rin inú koríko títí ebi á fi pa á. Ẹranko mẹ́ta péré ni mo bá jà, àwọn náà ló sì ń padà wá, o kàn ń pa wọ́n láró ni. Pupa lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kejì. Oníbàárà kì í ṣe afọ́jú o. Kí ló tún dé tí kò sí obìnrin téèyàn lè yàn? Ọkùnrin nìkan lèèyàn lè jẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi Rẹ̀mí! Ọjọ́ wo ni mo di ọkùnrin? Wá obìnrin kan síbẹ̀, kó máa kúnlẹ̀.

Èyí tó burú jù: bí mo ṣe fọwọ́ kan ẹnubodè Ìkìrun, gbogbo rẹ̀ dákú, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ibi kan náà ni. N kò tíì rí inú ìlú kankan. Tún ẹnubodè ṣe, fi ránṣẹ́. Má fi falẹ̀. O mọ̀ mí.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mí Jọláyẹmí.


Hull,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdágbé. Mo dọ̀bálẹ̀ o, kì í ṣe ti inú géèmù.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ti lọ. Ẹ má bínú. Láti aago méje àárọ̀ la ti ń kó ẹja sínú páálí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìbomú lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ orúkọ ara mi. Ọlá ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ pè é dáadáa, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí ìkíni fi pọ̀ nínú géèmù náà. Bí etí mi bá ń fẹ́ Yorùbá, mo máa wọ inú rẹ̀ lọ, mo máa kí wọn, wọ́n á dá mi lóhùn. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìdáhùn náà sí wọn lẹ́nu, mo mọ̀. Ó sàn ju kí ibi gbogbo pa lọ́lọ́ lọ.

Koríko yẹn pọ̀ torí pé èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Koríko rọrùn láti yà, ilé kò rọrùn. Bí ẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ ẹranko náà ló rí, mẹ́ta ni agbára mi ká. Mo ti gé ọ̀nà kúrú díẹ̀, mo sì ti tún ẹnubodè ṣe. Ti obìnrin yóò pẹ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ìlú, ẹ máa rí ohun kan tí n kò tíì sọ fún yín. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù wò ó.

Ọmọ yín,
Dàmọ́lá.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Olúwadàmọ́lá Jọláyẹmí,

Bí o bá ti rí orúkọ rẹ ní kíkún báyìí, o mọ̀ pé inú mi kò dùn. N kò ní kí ọ.

Ẹnubodè ṣí. Mo dọ̀bálẹ̀. Oníbodè gbójú sókè, àfi bàbá rẹ. Bàbá rẹ, pẹ̀lú ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti fìlà tó máa ń tẹ̀ sápá òsì. Ó ní, "Káàbọ̀ o. Ṣé o ti jẹun?" Mo di tábìlì mú. Mo ní bóyá o fẹ́ fi yẹ́ ẹ sí ni. Mo wọlé. Ẹni tó ń ta iṣu, bàbá rẹ. Ẹ̀ṣọ́ ààfin, bàbá rẹ. Ọba fúnra rẹ̀, bàbá rẹ ló dé adé. Mo dé Inísà, alágbẹ̀dẹ tún ni bàbá rẹ. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: káàbọ̀ o, ṣé o ti jẹun. Àlejò tó wá wá odò, ta ló ń bi í léèrè oúnjẹ?

Olè kan wá já kèrègbè gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọjà Inísà. Mo lé e bá. Mo fi kùmọ̀ nà án lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyábọ̀dé wọlé wá gba ìwé tó ní kí n bá òun tẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe Alàgbà nìyẹn tí ẹ ń lù?"

Mo wò ó dáadáa. Òun ni.

Mo ní, "Ìyábọ̀dé, padà wá lọ́la."

Ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún yín, mà?"

Bàbá rẹ lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Òkúkù, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà ìjọ ni. O kò lè wá sin ín. Mo gbọ́ pé ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, mo gbà, n kò bá ọ jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bu yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí ọwọ́ rẹ bù sí i lórí, gbogbo ẹbí ń wojú mi. Ṣùgbọ́n kí o wá sọ ọ́ di olè! Kí o tà á fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí wọ́n máa fi kùmọ̀ lù ú fún eré!

Yọ ojú yẹn kúrò. Gbogbo rẹ̀ pátá. Kí o sì wá ọ̀rọ̀ míì sí wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu èèyàn mẹ́tàdínlógún, àbùkù ńlá ni.

Ìyá rẹ.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Dàmọ́lá,

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo pè ọ́, fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ sílẹ̀ kí a mọ ibi tí a dé. Gbèdéke kò mọ ìbínú.

Mo ṣì ń yẹ géèmù náà wò, torí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Mo ti dé Òkúkù, ojú bàbá rẹ náà ló wà níbẹ̀. Ìbà ńkọ́? Ojú ọ̀nà ni Ìbà wà, o fò ó kọjá, ará Ìbà yóò sì béèrè. Kànga Òkúkù ń dákú bí ẹnubodè ti ṣe.

Àná ni Àjíǹde. Mo se ìrẹsì, ó pọ̀ jù. N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ti ẹnì kan.

Fèsì.

Ìyá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Màámi,

Ẹ forí jì mí. Kì í ṣe ìbínú. Ojú ló ń tì mí.

Fún ọdún méjì gbáko, àwọn èèyàn inú géèmù yẹn kò lójú. Orí róbótó ni wọ́n gbé kọ́rùn, bí ẹyin. N kò lágbára láti gba ayàwòrán, èmi náà kò sì mọ ojú yà. Lọ́jọ́ tí ẹ ń sin Bàámi, yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo wà. Mo gbé fóònù ti ògiri, mò ń wò yín. Wọ́n gbé pósí dé etí sàréè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tó máa padà dé, àwọn èèyàn ti ń jẹun. Ọ̀gá mi kan ilẹ̀kùn pé ẹja ti ń yọ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, mo lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó pé màá ya ojú. Ojú kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́wọ́, mo sì yà á láìwo fọ́tò. Mo fi sí oníbodè, kí ẹnì kan lè béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun. Ó béèrè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ ìlú, ó ti wà lẹ́yìn mi, n kò rí i mọ́. Mo bá fi í sọ́jà. Mo fi í sáàfin. Mo fi í sí Inísà. Màámi, n kò fẹ́ kí ibì kankan wà tí màá dé tí kò ní sí níbẹ̀.

Ti olè yẹn, àṣìṣe ni. Mò ń kánjú, mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá, mo gbàgbé. N kò bá a jà rí. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń gbé kèrègbè fún un ni.

Ẹ ti sọ̀rọ̀, mo ti gbọ́. Obìnrin ará Poland kan tí a jọ ń di ẹja ní ọmọbìnrin tó mọ àwòrán yà. Ó ti bá mi ya ojú fún gbogbo èèyàn inú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, mo sì fún oníkálukú lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ìbà wà níbẹ̀ báyìí. Kànga kò dákú mọ́. Obìnrin wà níbẹ̀, ó ń kúnlẹ̀. Bàámi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ gbé tuntun yìí sí i. Bí ẹ bá ní kò dára, n kò ní tà á.

Ọmọ yín,
Dàmọ́lá.


Hull,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé lẹ́tà tí kò rí èsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta ti di ìwọ̀sí! Bí mo bá pè, ẹ ní oníbàárà wà níwájú yín, ẹ já a. Oníbàárà wo ló ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú?

Ọjọ́ méjìlélógún ló kù. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ ṣáà wí i.

Dàmọ́lá.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Dàmọ́lá ọmọ mi,

O kú ìrọ́jú. O kú sùúrù tí ìyá rẹ kò ní.

Kò burú. Mo fẹ́ kí ìyẹn dá ọ lójú kí n tó sọ nǹkan míì. Kọ̀ǹpútà kejì ni mo gbé tuntun sí, mo sì ti rìn ín já láti orísun odò dé òpin. Kò dákú rárá. Ọ̀nà ti kúrú, Ìbà dára, àwọn èèyàn ń sọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀. Alágbẹ̀dẹ Inísà jọ ará Poland tí oòrùn pa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé Inísà rí kò ní mọ̀. Ẹranko ṣì jẹ́ mẹ́ta, fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni, ẹni tó bá rà á mọ ohun tó rà. Ìkíni yẹn ni yóò tà á. N kò rí i níbòmíràn, ìwọ náà kò sì lè rí i níbòmíràn. Gbé e jáde. Gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ni mo sọ ìyẹn.

Ó kù ohun tí n kò sọ fún ọ.

O ní kí n pa ti àtijọ́ rẹ́. N kò pa á rẹ́. Láti oṣù Kẹrin, bí oníbàárà bá ti fà sẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀sán, mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kẹta. Mo ní iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mo gbé bírò àti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ mi kí ó lè jọ iṣẹ́. Mo máa lọ sẹ́nubodè. Mo máa kí i. Ó máa ní, "Káàbọ̀ o. Ṣé o ti jẹun?" Mo máa dá a lóhùn tán kí n tó wọlé, mo máa sọ ohun tí mo sè fún un. Ọjọ́ tí n kò bá sè, mo máa lọ sè é kí n tó padà wá. Olè yẹn, èmi náà kì í lù ú mọ́.

Mo kọ ọ́ sí ọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu gbogbo wọn, àbùkù ni. Dàmọ́lá, kí ni bàbá rẹ sọ fún mi fún ọdún mẹ́rìndínlógójì? Bí mo ti ọjà dé, bí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bí a jà bí a kò jà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo máa ń sọ fún un nígbà náà pé, "Bàbá Dàmọ́lá, ẹ kò ní ìbéèrè míì ni?"

Ní oṣù tó kọjá tí mo wọ tuntun, oníbodè náà gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn." Ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí. Mo pa kọ̀ǹpútà náà. N kò lè kọ lẹ́tà sí ọ lọ́jọ́ náà, nígbà tó di ọjọ́ kejì, n kò mọ ohun tí màá kọ. Ohun tí mo pàṣẹ ni o ṣe. O sì ṣe é dáadáa. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Láti oṣù Kọkànlá tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́. Gbogbo àwọn tó lè fi oríkì pè mí ti wọlẹ̀ tán, òun ló gbẹ̀yìn wọn. Mo ti di Màdáàmù, mo ti di Ìyá Dàmọ́lá, mo ti di Màmá Kọ̀ǹpútà. Mo kàn sọ ọ́ ni o, kì í ṣe iṣẹ́ ni mo bẹ̀ ọ́.

Èyí ni iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù, èmi ni mo sì ń fi ọ́ falẹ̀ báyìí. Ní Òkúkù inú géèmù, ṣe ojú irin síbẹ̀, àti bẹ́ǹṣì onípákó kan. O mọ bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, tó ń retí ọkọ̀ tí kì í wá mọ́. Fi í síbẹ̀. Kó má ta nǹkan kan, kó má jẹ ọba, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé kùmọ̀ sí i. Kó béèrè ìbéèrè rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá rí i, kó rí i. Ẹni tí kò bá rí i, kò pàdánù odò.

Obìnrin inú géèmù rẹ yẹn, orúnkún kan ló ń fi kúnlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Kó fi méjèèjì kanlẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ bá ní àyè kò sí fún bẹ́ǹṣì, gbé e jáde láìsí i, má torí mi pàdánù àdéhùn. Mo ṣì ní kọ̀ǹpútà kẹta. Àwọn tó ń wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ti ń béèrè ìdí tí n kò fi jẹ́ kí wọ́n lò ó. Mo ti tẹ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí: Ó TI BÀJẸ́.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mí.


Hull,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, ẹ kú àdúrà.

Géèmù ti jáde láàárọ̀ yìí, ọ̀la ni gbèdéke. Bẹ́ǹṣì wà ní Òkúkù. Bàámi jókòó sí i, fúláàgì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ní kí ọkọ̀ ojú irin máa lọ wà lórí itan wọn. Iléeṣẹ́ béèrè ìwúlò ibẹ̀, mo ní kò wúlò fún nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun. Èmi ti dáhùn tèmi. Mo se ìrẹsì lónìí, ó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀, oríkì kan tí ẹ mọ̀ ló máa ṣíwájú ìbéèrè náà. Obìnrin yòówù tó bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, ìlú yòówù kó ti rà á, orúkọ yẹn ni Bàámi máa pè é. Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ inú géèmù lásán ni. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbé èyí tí mo fi ránṣẹ́ yìí sórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ yan obìnrin, kí ẹ gba Ìbà lọ sí Òkúkù. Ọ̀nà náà kò gùn mọ́.

Ọmọ yín,
Dàmọ́lá.